Ojú Tó Ń Gbẹ Níwájú Kọ̀ǹpútà: Bí Ìjókòó àti Ìfọkànsí Ṣe Ń Darí Ṣíṣẹ́jú, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tún Un Ṣe

Tí ojú bá ń ta yín lẹ́yìn wákàtí méjì níwájú kọ̀ǹpútà, tó ń pọ́n, tó dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, iná kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Ẹ fi iná sílẹ̀ ná. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ojú ò ṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣẹ́, nǹkan méjì ló sì ń darí ìyẹn: ibi tí ẹyinjú kọ sí, èyí tí ìjókòó wa ń pinnu, àti bí iṣẹ́ tó wà níwájú wa ṣe gba ọkàn wa tó. Kò sẹ́ni tó lè máa rántí ṣẹ́jú láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa fi ìrántí ṣe é, kó tó ka ojú ìwé kejì tán, á ti gbàgbé. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi dá lé téèpù ìwọ̀n, gíga àga, àti ibi tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń dánu dúró.

Iṣẹ́ tí ìpéǹpéjú ń ṣe

Ṣíṣẹ́jú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Láàárín àsìkò kékeré yẹn, ìpéǹpéjú òkè á wálẹ̀, á tẹ́ omi ojú sórí ẹyinjú, á gbá eruku lọ sí igun ojú, á sì tún fún òróró díẹ̀ jáde láti inú àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà ní etí ìpéǹpéjú, lẹ́yìn ibi tí irun ti hù. Òróró yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, torí òun ló ń bo omi ojú lórí tí afẹ́fẹ́ ò fi ní tètè fà á gbẹ. Lójú tó dá ṣáṣá, omi yìí á wà ní títẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Lójú tó ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀, kì í tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ló lè bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí ojú má ṣẹ́ léraléra tó. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí, ni kí ojú ṣẹ́ ààbọ̀: kí ìpéǹpéjú òkè wálẹ̀ dé ìdajì, kó tún padà sókè láì kan ti ìsàlẹ̀. Tó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀, òróró ò ní jáde dáadáa, apá ìsàlẹ̀ ẹyinjú á sì máa gbẹ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ṣẹ́jú ààbọ̀ lè ka ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì máa rò pé gbogbo rẹ̀ pé, síbẹ̀ kí ojú máa ta á.

Ìjókòó: ibi tí ẹyinjú kọ sí

Lọ́dún 1993, àwọn dókítà ojú méjì ní Japan, Kazuo Tsubota àti Katsu Nakamori, wọn iye ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń ṣẹ́jú, wọ́n sì wọn bí apá ẹyinjú tó wà ní ìta ṣe fẹ̀ tó. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń ṣẹ́jú ní ìgbà 22 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n ń ka ìwé lórí tábìlì, ó di 10. Níwájú kọ̀ǹpútà, ó di 7. Ohun tó yẹ ká fojú sí jù ni ìwọ̀n kejì: nídìí ìwé, apá ẹyinjú tó ṣí sílẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.2 níbùú lóròó (cm²). Níwájú kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ 2.3, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Ìdí rẹ̀ ò le. Ìwé wà nílẹ̀ lórí tábìlì, ẹyinjú ń wo ìsàlẹ̀, ìpéǹpéjú òkè á tẹ̀ lé e, á bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dojú kọ wa tààrà, ìpéǹpéjú á ká sókè, ojú á là rekete. Ẹni tó wà níwájú kọ̀ǹpútà jìyà méjì pọ̀: ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́ tó, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà fẹ́ omi ojú lọ sì tún fẹ̀ sí i.

Ibí ni kíka iye ìgbà nìkan ti máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó bá ń wòkè máa ń ṣẹ́jú ju ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ má rò pé ìyẹn fi hàn pé wíwòkè dára. Ojú ń ṣẹ́ púpọ̀ sí i nítorí pé ó ń gbẹ púpọ̀ sí i, kò sì lè ṣẹ́ tó láti bá a dọ́gba. Àti pé igun tó wà láàárín ẹyinjú àti orí ló ṣe kókó, kì í ṣe bí ẹ ṣe tẹ orí ba. Ẹni tó gbé fóònù lé itan, tó sì tẹ ọrùn ba pátápátá, ojú rẹ̀ ṣì ń wo iwájú gan-an lójú ara rẹ̀. Ó jẹ ọrùn níyà láìsí èrè kankan fún ojú.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n

Ẹ wá téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ tún àga ṣe kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí ẹ̀yìn sì fara ti àga. Tí ẹ bá wọn kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tún àga ṣe, asán ni, torí gbogbo sẹ̀ǹtímítà tí àga bá fi ga sí i ni ojú yín náà máa fi ga.

Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó lẹ́yìn wákàtí kan iṣẹ́, kì í ṣe bí ẹ ṣe máa jókòó tí wọ́n bá fẹ́ ya yín ní fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á nà gán-ínrán láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán wọ́n á ti sọ ìdí síwájú, ẹ̀yìn á ti tẹ̀, ojú á ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Kọ̀ǹpútà tó wà nísàlẹ̀ ojú láàárọ̀ á wá dọ́gba pẹ̀lú ojú lọ́sàn-án, tàbí kó ga jù ú lọ.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí sẹ̀ǹtímítà 50 sí 70 sí ojú. Tó bá wà ní 60, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 16 sí 22 wà nísàlẹ̀ ìlà ojú yín. Ìyẹn ni pé ẹyinjú á máa wo ìsàlẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 15 sí 20. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mú etí téèpù dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín kó bá yín wọ̀n ọ́n, torí ẹni tó bá ń wọn ara rẹ̀ á máa yí orí.

Fún kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì tó jẹ́ ínṣì 24, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Tí etí òkè rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ojú, àárín rẹ̀ á wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀. Ẹ tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5. Fún láptọ́ọ̀pù ínṣì 15.6, tí gíga ojú rẹ̀ kò ju bí 20 lọ, etí òkè rẹ̀ ní láti fi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10 relẹ̀ ju ojú lọ. Ẹ wá dà á sẹ́yìn díẹ̀, kí ó lè kọjú sí yín dáadáa láti ìsàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ yín pé kí ẹ to ìwé sábẹ́ láptọ́ọ̀pù nítorí ọrùn. Òótọ́ ni, ọrùn nílò rẹ̀. Àṣejù ibẹ̀ ni kí wọ́n to ìwé títí tí etí òkè láptọ́ọ̀pù á fi ga ju iwájú orí lọ. Ọrùn á dúpẹ́, ojú á máa sunkún. Ibi tí ọrùn àti ojú ti lè fẹnu kò ni ìwọ̀n tó wà lókè yìí, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé ọ̀tọ̀ tí ẹ máa gbé sílẹ̀ níwájú kí apá má baà là sókè.

Fóònù: ẹ gbé e sí ibi àyà, ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n dúró déédéé, ẹyinjú nìkan ni kó wálẹ̀. Tí apá bá ń ro yín, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìrọ̀rí lórí itan. Ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tó na fóònù sókè lójú, kó sọ ọ́ kalẹ̀ sọ́nà àyà dípò kó gbé e sókè sọ́nà iwájú orí; ohun kan náà ni, igun ẹyinjú sí orí. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ sókè ògiri pálọ̀ lẹ́bàá àjà sì burú jù gbogbo wọn lọ, pàápàá fún ọmọdé tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, tàbí kí ẹ sún àga sẹ́yìn.

Ìfọkànsí: ìdí tí ojú fi ń gbàgbé

Lọ́dún 1927, àwọn olùwádìí méjì, Eric Ponder àti W. P. Kennedy, gbé ìwádìí wọn jáde lórí ṣíṣẹ́jú. Wọ́n fi oògùn pa ìmọ̀lára ojú ẹyinjú kú, ojú ṣì ń ṣẹ́. Wọ́n rí i pé ojú àwọn afọ́jú pàápàá ń ṣẹ́. Ohun tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni pé kì í ṣe gbígbẹ ojú nìkan ló ń pe ṣíṣẹ́jú; bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ wà lára ohun tó ń darí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ọkàn ló ń dín in kù. Iṣẹ́ tó bá gba ojú wíwò ló ń dín in kù: ìwé kíká, eré orí fóònù, àkọsílẹ̀ owó, àbẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ ki òwú bọ̀. Ẹ wo télọ̀ tó ń ki òwú bọ àbẹ́rẹ́. Bó ṣe na òwú, ojú rẹ̀ á dúró gbagidi, kò ní ṣẹ́ títí òwú á fi gba ihò kọjá. Bó bá ti kọjá, á ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀ léra wọn. Iṣẹ́ ọkàn tí kò gba ojú, bí ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣirò orí, tàbí rírántí ohun tó ti pẹ́, ńṣe ló ń mú kí ó pọ̀ sí i. Nínú ìwádìí mìíràn tó yàtọ̀ sí ti Japan, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 17 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó lè tó 26. Tó bá ń kàwé, ó lè já wálẹ̀ sí 4 tàbí 5.

Ọpọlọ tún máa ń yan àsìkò. Tamami Nakano àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn lọ́dún 2009 pé tí àwọn ènìyàn bá ń wo fídíò kan náà tó ní ìtàn nínú, ojú wọn máa ń ṣẹ́ lákòókò kan náà, níbi tí ìtàn ti dẹ̀ díẹ̀. Ojú ń dúró de ibi tí nǹkan kan ò ní kọjá lọ. Iṣẹ́ tí kò bá ní ibi dídẹ̀, fídíò kéékèèké tó ń tẹ̀ léra wọn láìdúró fún àpẹẹrẹ, kò fún ojú láyè kankan. Èyí gan-an la máa lò.

Bí ẹ ṣe máa ka ti yín

Ẹ fi fóònù kejì ya fídíò ojú yín láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, kí iná wà níwájú yín kó má wà lẹ́yìn. Ẹ ya ìṣẹ́jú 6 nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ gidi. Ẹ má ka ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, torí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń ya ojú òun, á máa ṣẹ́jú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ka ti mẹ́rin tó kù, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. Kí ẹ wá tún un wò jẹ́jẹ́, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ìpéǹpéjú òkè kò kan ti ìsàlẹ̀. Ẹ ya ìkejì nígbà tí ẹ ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, láti ní ohun tí ẹ máa fi wé e.

Tí ti iṣẹ́ kò bá tó ìgbà 8, tàbí tí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ ṣíṣẹ́ ààbọ̀, ohun tó kàn yìí wà fún yín. Tó bá kéré nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ pàápàá, tí ojú kàn ń wò ràn-ràn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Àìsàn Parkinson wà lára ohun tó máa ń dín ṣíṣẹ́jú kù, àwọn oògùn kan pẹ̀lú sì lè fà á.

Fífi ṣíṣẹ́jú sí ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró

Ẹ yan ohun kan tí iṣẹ́ yín máa ń mú wá fúnra rẹ̀, kì í ṣe aago. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò JAMB, ìparí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Fún akọ̀wé, gbogbo ìgbà tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Fún télọ̀, ìgbà tó bá gé òwú. Níbẹ̀, ẹ ṣẹ́jú kíkún ẹ̀ẹ̀kan: ẹ pa á dé pátápátá, ẹ ṣí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ á mú un mọ́ iṣẹ́ náà.

Ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, ẹ ṣe èyí tó gùn díẹ̀. Ẹ pa ojú dé jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ ṣí i. Ẹ tún pa á dé fún méjì, kí ẹ wá fún un díẹ̀ fún méjì sí i láì ṣí i, kí òróró lè jáde. Ẹ ṣí i, kí ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà, bí igi ìta tàbí òpó iná, fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ gbé ìka ọwọ́ méjì sí igun ojú níta nígbà tí ẹ bá ń pa á dé. Tí ẹ bá mọ̀ pé iṣan ibẹ̀ ń fún gidigidi nígbà tí ẹ ní kí ẹ pa á dé jẹ́jẹ́, agbára ti pọ̀ jù. Ìpéǹpéjú nìkan ló yẹ kó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fi agbára ṣe é á fi orí fífọ́ san án.

Àṣìṣe kejì ni ṣíṣẹ́jú wéré-wéré bí ìgbà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń tutù lójú fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíṣẹ́ ààbọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kíkún dára ju mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà bá kéré, tàbí tí oòrùn ojú fèrèsé bá ń tan sórí rẹ̀, ẹ máa fún ojú pọ̀ láti ríran, fífún ojú pọ̀ náà sì ń dín ṣíṣẹ́jú kù. Ẹ mú lẹ́tà tóbi títí ẹ ò fi ní máa na ọrùn síwájú. Ẹ yí tábìlì kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, gíláàsì lẹ nílò, tàbí èyí tó wà lójú yín ti pẹ́ jù.

Afẹ́fẹ́ àti ohun tí ẹ ń kán sójú

Fáànù orí tábìlì tó kọjú sí yín tààrà lè ba gbogbo ohun tí ẹ wọ̀n jẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ yín láti ẹ̀yìn tàbí láti ìsàlẹ̀ sí àyà; kí ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù kúrò lójú. Lásìkò ọyẹ́, ẹ dín ogún ìṣẹ́jú yẹn kù sí mẹ́wàá. Tí etí ìpéǹpéjú bá ń wúwo láàárọ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa tún un rì bó bá ti ń tutù, kí òróró tó dì níbẹ̀ lè yọ́. Kò gbọ́dọ̀ gbóná ju èyí tí inú ọrùn ọwọ́ lè gbà.

Omi ojú àtọwọ́dá tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì lè ran yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́, ẹ béèrè èyí tí kò ní oògùn ìpamọ́ nínú. Ẹ má ra oògùn ojú tó ní steroid nínú láìjẹ́ pé dókítà ojú kọ ọ́ fún yín. Ojú á mọ́ lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, àmọ́ ó lè mú kí ìfúnpá inú ẹyinjú ga láìsí ìrora, kó sì ba ìríran jẹ́. Omi ọmú, ìtọ̀ àti omi ṣúgà kò yẹ lójú rárá, wọ́n ń kó kòkòrò wọ̀ ọ́.

Nígbà tí àárẹ̀ bá wọlé

Lẹ́yìn iṣẹ́ gígùn, nǹkan á yí padà. Ṣíṣẹ́jú á pọ̀ sí i, á sì máa pẹ́ kó tó ṣí. Níwájú kọ̀ǹpútà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ dìde. Lẹ́yìn ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ewu ni. Tí ìpéǹpéjú bá ń pẹ́ nísàlẹ̀, tí ẹ ò sì rántí òpó iná tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ ya sí ibi tó láàbò kí ẹ sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Omi tútù lójú kì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń tán.

Ẹ tún fídíò ìṣẹ́jú 6 yẹn yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, níbi iṣẹ́ kan náà, lákòókò kan náà. Ẹ kọ́kọ́ wo ṣíṣẹ́ ààbọ̀, torí òun ló yẹ kó kọ́kọ́ dín kù. Iye ìgbà lè má yí padà púpọ̀, pàápàá tí kọ̀ǹpútà ti wálẹ̀. Tí ojú kan ò bá lè pa dé rárá tí ẹnu sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ìríran bá lọ lójijì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún ojú pẹ̀lú ìrora tàbí tí ọyún bá ń jáde. Ẹni tó ń lo lẹ́ǹsì inú ojú gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kó tó kúrò nílé, kó sì mú un dání fún dókítà.